Ṣé etí mi ni kò dáa, àbí orin yẹn?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ni:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ìwé ìkéde kan pé wọ́n fẹ́ ṣe àṣálẹ́ orin ìgbàlódé láti fi yẹ́ aṣẹ̀dá orin kan tó ti dolóògbé sí. Ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ará àdúgbò ni wọ́n sì pè. Mo wọṣọ, mo mú ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án dání, a lọ. Orin mẹ́fà ni wọ́n ṣe. Nínú èyí àkọ́kọ́, ńṣe ni okùn fayolín ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Nínú ìkejì, obìnrin kan ki orí bọ inú píánò, ó ń fi ìka họ okùn inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjì kan dìde, wọn ò mú ohun èlò kankan dání, àtẹ́wọ́ nìkan ni wọ́n ń pa. Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ojú tì mí. Nígbà tí wọ́n dákẹ́ nínú orin kẹrin, mo pàtẹ́wọ́, èmi nìkan ni! Èèyàn mẹ́ta yíjú wò mí. Orin ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí gan-an, ẹyọ kan péré ni mo rí níbẹ̀. Nígbà tó parí, gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń hó. Èmi náà dìde, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo ń hó lé lórí. Wọ́n tún máa ṣe òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé etí mi ni kò dáa, àbí orin yẹn ni kò dáa tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́? Ṣé kí n tún lọ?"

Ẹ ṣeun tí ẹ ò díbọ́n. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó dìde pẹ̀lú yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè yìí wà nínú wọn, wọn ò kàn rí ẹni bi ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta sẹ́lò, ìyẹn fayolín ńlá tí wọ́n máa ń gbé sáàárín orúnkún, nínú irú ẹgbẹ́ olórin bẹ́ẹ̀. Mo sì ti bá wọn ṣètò irú àṣálẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, títí dórí ká to àga. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó ń dùn yín jù kúrò nílẹ̀: etí yín ò ní àbùkù kankan. Àmọ́ mi ò sọ pé orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dáa o. Ó ṣeé ṣe kí méjì nínú wọn má dáa rárá. Ohun tó dá mi lójú ni pé, bó ṣe jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ gbọ́ wọn, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ méjì ọ̀hún. Èmi gan-an kì í mọ̀.

Orí ìwé ìkéde yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ní "orin ìgbàlódé," ohun tó máa wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni orin tí wọ́n ń lù lóde àríyá, tí ẹsẹ̀ kì í lè dúró sójú kan sí. Nǹkan mìíràn ni àwọn tó kọ ìkéde náà ní lọ́kàn. Orin tí ẹnì kan jókòó kọ sínú ìwé ni wọ́n ń sọ, ohùn dé orí ohùn, tí ẹni tó kọ ọ́ sì wà láyé tàbí tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó kú. Irú rẹ̀ tí ẹ gbọ́ ni wọ́n ń pè ní orin yàrá. Orúkọ yẹn náà máa ń da èèyàn láàmú, torí inú gbọ̀ngàn lẹ ti gbọ́ ọ. Láyé àtijọ́, yàrá àlejò inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ilé ìṣeré, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń ṣe é kì í pọ̀: méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, bóyá mẹ́jọ. Nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá, èèyàn mẹ́wàá lè máa ta ohùn kan náà lórí fayolín. Tí ọ̀kan bá ṣi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àwọn yòókù á bò ó mọ́lẹ̀. Nínú orin yàrá, ohùn tìrẹ, tìrẹ ni, tí o bá ṣi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, gbogbo ayé á gbọ́. Kò sí adarí tó ń ju ọ̀pá níwájú wọn. Ojú ara wọn ni wọ́n ń wò. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan nínú wọn á fa èémí símú, èémí yẹn ni gbogbo wọn ń dúró dè. Ẹni tó bá jókòó nítòsí lè gbọ́ ọ. Láàárín wa, mo fẹ́ràn èémí yẹn ju orin mìíràn lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ etí. Ẹ rántí orin kan tí ẹ fẹ́ràn dọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti gbọ́ ọ? Kódà ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́ ọ, ìdajì rẹ̀ ti yé yín kó tó dé, torí ẹ mọ bí irú rẹ̀ ṣe ń lọ: ẹnì kan á lé e, àwọn tó kù á gbè é, wọ́n á tún padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí etí ṣe ń gbọ́ orin nìyẹn. Kì í jókòó de ohùn. Ńṣe ló máa ń sáré lọ síwájú, á lọ dúró dè é níkòríta. Tí ohùn bá yọ níbi tó ti ń retí rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Tó bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yọ, inú rẹ̀ á tún dùn, torí ó mọ̀ pé wọ́n fi òun ṣeré ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ wí yìí, etí yín sáré lọ síkòríta, kò bá ẹnikẹ́ni. Ó sáré lọ sí òmíràn, òfo ni. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó rẹ̀ ẹ́, ló bá jókòó sílẹ̀ ó ní ariwo lásán ni. Àárẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀.

Òtítọ́ yìí kò fara sin fún àwọn tó ń ṣẹ̀dá orin wọ̀nyí. Ní ìlú Vienna lọ́dún 1918, Arnold Schoenberg tí orin tiẹ̀ alára ti dá awuyewuye sílẹ̀ lóríṣiríṣi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ṣe orin tuntun fún kìkì àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Òfin wọn le. Ẹ kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ pòṣé. Wọn kì í sọ orin tí wọ́n máa ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó sílé torí pé kò fẹ́ràn lágbájá. Wọn kì í gba oníròyìn láyè. Èyí tó ṣe pàtàkì jù sì ni pé wọ́n máa ń ṣe ìdánrawò gan-an, wọ́n á sì tún orin kan náà ṣe lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n lè tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹgbẹ́ náà kò ju ọdún mẹ́ta lọ kí owó tó tán, ṣùgbọ́n láàárín ìyẹn wọ́n ti ṣe àpèjọ tó lé ní 100. Ohun méjì ni Schoenberg rí pé ó ń ba orin tuntun jẹ́: àwọn olórin tí kò múra tó, àti olùgbọ́ tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá, ohun méjì yẹn náà ni.

Ọjọ́ tí okùn sẹ́lò mi já ló yé èmi dáadáa. Àwa mẹ́rin là ń ta orin tuntun kan, gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. A ti rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú rẹ̀ nígbà tí okùn tó tinrín jù dún pàù, tó sì gbá mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo wọ ẹ̀yìn lọ pààrọ̀ rẹ̀. Okùn tuntun kì í tètè dúró sójú ohùn, ẹ óò fà á, á tún dẹ̀, nítorí náà mo pẹ́ níbẹ̀, ìtìjú sì bò mí nígbà tí mo fi máa jáde. A bẹ̀rẹ̀ orin náà láti orí. Nígbà tí a dé ibi tí fayolín kejì ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu fayolín kìíní, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́ bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú. Wọn ò mọ̀ pé àwàdà ni. Lẹ́yìn tí a parí, bàbá àgbàlagbà kan wá bá mi, ó ní orin tí okùn já sí yẹn ló dùn jù lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò dùn ju àwọn yòókù lọ. Òun nìkan ni wọ́n gbọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú orin àtẹ́wọ́ tó pa ọmọ yín lẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti pa á rí. Àfi tó bá jẹ́ òmíràn ló jọ ọ́, Steve Reich, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é lọ́dún 1972. Kò tíì ju ọdún méjì lọ nígbà náà tó dé láti Gánà, níbi tó ti lọ kọ́ ìlù. Èèyàn méjì, ọwọ́ mẹ́rin, ó tán. Ìpàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ gbá tábìlì báyìí, ẹ fi àlàfo kan síbi tí mo bá kọ "hẹn": pá pá pá hẹn, pá pá hẹn, pá hẹn, pá pá hẹn. Ìgbésẹ̀ méjìlá nìyẹn, mẹ́jọ jẹ́ àtẹ́wọ́, mẹ́rin jẹ́ àlàfo. Àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ẹni kan. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹnì kejì á fo ìgbésẹ̀ kan ṣáájú, ẹni àkọ́kọ́ kò ní kúrò níbi tó wà. Ohun kan náà ni wọ́n ṣì ń pa, ṣùgbọ́n kò bọ́ sórí ara mọ́. Etí yín á máa gbọ́ ìlù kẹta tí ẹnì kankan nínú wọn ò lù. Ó tún pẹ́ díẹ̀, ẹnì kejì á tún fo ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi fo méjìlá, wọ́n á sì tún bára wọn pàdé gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Etí tó ti mọ bí agogo ṣe ń rìn lọ́tọ̀, tí omele ń rìn lọ́tọ̀, tí ìyáàlù sì ń sọ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lórí wọn, kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí i. Kò kàn sẹ́ni tó sọ fún yín pé ibi tí wọ́n ń lọ ni ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan péré láti ẹnu ẹni tó ń pa á ni ì bá tó. Pé wọn ò sọ ọ́, ẹjọ́ àwọn tó ṣètò ni, kì í ṣe ẹjọ́ yín. Ní ti ọmọ yín, òun ló gbọ́ ọ bó ṣe yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Èmi àti ẹnì kejì mi máa ń sá fún ojú ara wa tí a bá dé ìfò kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, torí tí ọ̀kan bá rẹ́rìn-ín, a ti ṣìnà nìyẹn.

Ti ilẹ̀kùn tí kò rí epo ńkọ́? Ọ̀nà tí a gbà ń fa ọrun, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ta fayolín àti sẹ́lò, lórí okùn ló ń fa ìyẹn. Okùn tó tinrín jù lórí sẹ́lò mi máa ń gbọ̀n ní ìgbà 220 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn yẹn lẹ rò pé ẹ ń gbọ́. Ṣùgbọ́n kò dá wà. 440 wà nínú rẹ̀, 660 wà nínú rẹ̀, 880 wà nínú rẹ̀, wọ́n to ara wọn lọ sókè, wọ́n fara pamọ́ sínú ohùn kan ṣoṣo. Tí mo bá fa ọrun níbi tó yẹ, wọ́n á kó ara wọn jọ, a ó ní sẹ́lò dùn. Tí mo bá sún ọrun mọ́ igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn ró, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, èyí tó wà nísàlẹ̀ á rẹlẹ̀, àwọn ti òkè á wá bọ́ síta, wọ́n á máa han bí ìgò, bí afẹ́fẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi kò yẹ̀. Ó wà nínú ìwé orin bẹ́ẹ̀. Èyí tó yàtọ̀ ni pé ní irú orin yìí, bí ohùn ṣe rí ni ìtàn gan-an. Kò sẹ́ni tó ń bi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pé orin wo ló ń kọ, síbẹ̀ tí ẹni tó mú un bá pààrọ̀ bó ṣe ń jù ú, gbogbo agbo ló máa mọ̀. Ẹ gbọ́ okùn yẹn bí ẹ ṣe ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: nígbà wo ló pọ́n, nígbà wo ló rọ̀, ta ló kọ́kọ́ yí i padà, ta ló tẹ̀ lé e? Obìnrin tó ki orí bọ píánò náà kò ya wèrè. Lọ́dún 1925 ni Henry Cowell, aṣẹ̀dá orin kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ orin kan tó jẹ́ pé orí okùn inú píánò ni wọ́n ti ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ìka àti èékánná, tí ẹnì kejì á sì jókòó síbi àtẹ láti tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ohun tó ń jẹ́ kí okùn máa dún lọ. Ohun tí à ń pè ní tuntun yìí dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń gbèjà gbogbo rẹ̀. Orin tuntun tí kò dáa wà, ó sì pọ̀. Nínú àwọn orin Mozart, aṣẹ̀dá orin tó ti kú ní ohun tó lé ní igba ọdún, àti ti àwọn tó bá a láyé, ọdún tó ti kọjá ti bá wa fẹ́ ìyàngbò kúrò. Ìwọ̀nba tó kù là ń gbọ́. Tòde òní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ lẹ̀ ń fẹ́ ẹ, ẹ̀yin ni atẹ́gùn. Mo ti ta orin kan rí tí mo lo ju ogún wákàtí lé lórí kí n tó gbé e jáde, tí mo sì kórìíra rẹ̀ ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Gbígbọ́ lẹ́ẹ̀mejì kì í sọ ohun burúkú di rere. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ kórìíra gan-an, bóyá gígùn rẹ̀ ni, bóyá kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó padà wá, bóyá ẹni tó kọ ọ́ ń dọ́gbọ́n ju bó ṣe ń gbọ́ lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo orin tuntun ló ń han etí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohùn mẹ́ta péré ló ń lọ tó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bóyá lẹ́tà yín ì bá má dé ọwọ́ mi. Ìtò orin jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, bí ẹni ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àlejò. Fífi okùn tó ń han ṣe èyí àkọ́kọ́ fún àwùjọ tí kò mọ̀ ọ́n rí, èmi ò jẹ́ dán an wò.

Ẹ ní ẹyọ orin kan ṣoṣo ni ti ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí. Ó jọ bí ẹni pè yín síbi ayẹyẹ tí ẹ ò rí ọlọ́jọ́, àbí? Àṣà wọn ni. Tí aṣẹ̀dá orin kan bá kú, ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà ń kí i ni pé kí àwọn náà kọ orin. Claude Debussy kú ní 1918. Ní 1920, ìwé ìròyìn orin kan ní Parisi kó orin kéékèèké jọ fún ìrántí rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn bíi Stravinsky, Bartók àti Ravel. Apá kan nínú orin fayolín àti sẹ́lò ni Ravel fi ránṣẹ́, ó parí ìyókù lẹ́yìn ìgbà náà, a ṣì ń ta á títí dòní; mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé nínú àwọn tó ń ta á, ẹni tó máa rántí pé òkú ni wọ́n fi ń kí kò pọ̀. Nítorí náà, nínú orin márùn-ún yòókù tí ẹ gbọ́, ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti kọ ọ̀kan, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ òmíràn, kí òmíràn sì jẹ́ ti ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń wò bí àwòkọ́ṣe. Èyí náà ló ṣàlàyé bí gbogbo èèyàn ṣe dìde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ mọ olóògbé. Ó kọ́ àwọn kan, ó bá àwọn kan jẹun. Òun ni wọ́n dìde fún. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n ń wá ohun tó mú wọn dìde nínú orin, ibi tó wà kọ́ lẹ ń wá a sí.

Ní ti ọ̀fẹ́, ẹnì kan ló sanwó, ẹ̀yin kọ́ ni. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò sí ẹni tó ti ta á rí máa ń gba àwa mẹ́rin ní wákàtí mẹ́wàá, nígbà mìíràn ogún. Gbọ̀ngàn ní owó, ẹni tó ń tún ohùn píánò ṣe ní owó, ìwé orin sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀yá. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ orin kì í tán títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é, kò sì fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ pé torí pé ẹ ò gba owó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lè ṣe é láìgba àṣẹ. Àwọn tó ń yọ owó sílẹ̀ fún àṣà àti ọnà ló máa ń gbé ẹrù náà, tàbí ilé ẹ̀kọ́, tàbí ẹbí olóògbé, ìgbà púpọ̀ sì ni àwa olórin fúnra wa máa ń gbé ìdajì rẹ̀ ní ti pé a kì í gba iye tó tọ́ sí wa. A ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ torí a mọ̀ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí kò ní sanwó láti wá dán an wò, ẹ̀bi rẹ̀ sì kọ́. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ní àléébù tiẹ̀ tí mi ò lè fi pa mọ́ fún yín. Nígbà tí owó ò bá sí, ìdánrawò ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé. Mo ti jókòó síbi tó jẹ́ pé èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pèpéle kì í ṣe orin tí wọ́n kọ, àwọn mẹ́rin tó ń wá ara wọn kiri ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní orin tuntun, olùgbọ́ kò ní ohun tó máa fi mọ ìyàtọ̀. Aṣẹ̀dá orin ló máa ń jẹ̀bi.

Àtẹ́wọ́ yín ò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ orin wọ̀nyí pín sí apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àlàfo sì máa ń wà láàárín. Òde òní ni wọ́n sọ dídákẹ́ níbẹ̀ di ìwà ọmọlúàbí. Mozart kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ ní July 1778 nípa orin tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde ní Parisi, inú rẹ̀ sì dùn láti ròyìn pé àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ nígbà tí orin ṣì ń lọ lọ́wọ́, kò tíì dé àlàfo rárá. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n yíjú wò yín mọ́, ọwọ́ ni kí ẹ máa wò. Tí ọrun bá ṣì wà lókè, tàbí tí ọwọ́ ẹni tó wà nídìí píánò kò tíì bọ́ sí itan rẹ̀, kò tíì tán.

Ṣé kí ẹ tún lọ? Tó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe lọ lọ́jọ́sí náà lẹ máa tún lọ, ẹ dúró sílé, kí ẹ sinmi. Etí yín á tún sáré lọ síkòríta náà ni. Ṣùgbọ́n oṣù kan ṣì wà, ohun tí èmi máa ṣe tó bá jẹ́ èmi nìyí. Màá kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀, màá béèrè bóyá wọ́n gba èèyàn láyè níbi ìdánrawò. Púpọ̀ nínú wa kì í kọ̀; ó máa ń wù wá pé kí ẹnì kan wà níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni orin yìí ti ń yé èèyàn, torí a ó ta ibì kan, a ó dúró, a ó bú ara wa díẹ̀, a ó tún un ta. Láàárín ìṣẹ́jú ogójì, ẹ ó ti gbọ́ ibi tó le jù nínú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí àwa fúnra wa ń pe ibẹ̀. Nígbà tó bá di alẹ́ ọjọ́ náà, tí a bá dé ibẹ̀, ara yín á ti gbóná kó tó dé. Tí wọn ò bá gbà, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe èyí tó kúrú jù lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnì kan sì sọ gbólóhùn méjì láàárín. Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi fà láti ìgbà tí okùn mi ti já. Àwọn kan ti ń ṣe é, àwọn kan ní ó ń jọ ilé ẹ̀kọ́. Tó bá ti ẹnu olùgbọ́ jáde, wọ́n á gbọ́ ọ ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tèmi lọ.

Ẹ mú ọmọ náà dání. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́, nítòsí ilẹ̀kùn, kí ẹ lè bá a jáde láìda ẹnikẹ́ni rú tó bá sú u. Tí píánò bá wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ wá, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó nídìí tábìlì, ẹ̀yin àti òun, kí ẹ gbìyànjú pá pá pá hẹn yẹn. Òun ni kí ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan, ẹ̀yin ni kí ẹ fò. Mo fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti máa ṣubú.